Ohun tí ó yẹ kí a gbé ìbọn ọdẹ lé nígbà tí a bá ń tọ́ awò rẹ̀ sójú àmì

Òǹkàwé kan tí ó ń gbé nítòsí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé sí mi pé òun ra ìbọn bolt-action (èyí tí a ń fi ọwọ́ fa irin bolt rẹ̀ sẹ́yìn kí a tó ki ọta mìíràn) tí ń yin ọta .308, òun sì ti de awò 3-9x40 (èyí tí ń mú ohun tí à ń wò tóbi ní ìlọ́po 3 sí 9) mọ́ orí rẹ̀ láti fi ṣọdẹ àgbọ̀nrín lọ́dún yìí. Nígbà tí ó gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn, ó ká aṣọ ìbora sórí tábìlì, ó gbé ọ̀pá ìbọn lé e, ó sì yin ọta márùn-ún sí bébà tí ó wà ní 100 yáàdì. Ihò márààrún fọ́n ká tó ínṣì 6. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kí ó ra Lead Sled tí Caldwell ń ṣe, ọ̀rẹ́ mìíràn ní kí ó so ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní bipod mọ́ ìbọn náà, òṣìṣẹ́ pápá sì sọ fún un pé àpò iyanrìn méjì ti tó. Ó fi kún un pé bàbá òun tí ó ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn kò lo ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí rí, ara igi ni ó máa ń gbé ṣakabùlà rẹ̀ tì, àti pé ìbọn tuntun yìí ń dun òun léjìká débi pé òun ti ń dijú kí ó tó dún. Ó fẹ́ mọ èyí tí òun yóò fi owó rà.

Àpò iyanrìn méjì ni kí ẹ rà, ọ̀kan fún abẹ́ igi iwájú ìbọn, ọ̀kan fún abẹ́ ìdí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ pápá náà kò ṣì yín lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ lè ra àpò tí kò bá ìbọn yín mu, kí ihò sì tún máa fọ́n ká bí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó, kí n sì sọ ìdí tí mo fi fi àwọn méjì yòókù sẹ́yìn.

Iṣẹ́ méjì ni ohun tí a ń gbé ìbọn lé ń ṣe. Èkíní ni pé kí ó di ìbọn mú lójú kan kí a tó yìn ín, débi pé bí ẹ bá tilẹ̀ ká ọwọ́ kúrò, àgbélébùú inú awò, ìyẹn ìlà méjì tí ó dábùú ara wọn, yóò ṣì wà lórí àmì. Èkejì ni pé nígbà tí ìbọn bá dún, kí ó jẹ́ kí ìbọn rìn sẹ́yìn tààrà, láìgbé e fò sókè, láìdè é mọ́lẹ̀, kí ó sì máa rí bákan náà ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò. Èkejì ni ó máa ń ba nǹkan jẹ́. Kí ọta tó jáde lẹ́nu ọ̀pá, ìbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn ná. Ìrìn náà kéré, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ínṣì, ọta sì ń jáde láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Síbẹ̀, ohunkóhun tí ó bá ti ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kan ní àkókò kékeré yẹn yóò hàn lójú bébà.

Ibí yìí ni aṣọ ìbora yín ti já yín kulẹ̀. Kì í ṣe pé ó rọ̀ jù nìkan ni, ọ̀pá ìbọn gan-an ni ẹ gbé lé e. Ọ̀pá ìbọn máa ń gbọ̀n nígbà tí ọta bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí nǹkan mìíràn bá sì fara kàn án lábẹ́, ọta kì í lọ síbi tí ì bá lọ ká ní ọ̀pá náà dá dúró; lọ́pọ̀ ìgbà, òkè ni ó máa ń gbà. Bí ẹ bá sún ìbọn díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn lórí aṣọ náà láàárín ọta kan sí èkejì, ìyàtọ̀ dé nìyẹn. Ní ti bàbá yín, ọgbọ́n tí ó bá irinṣẹ́ rẹ̀ mu ni ó ń lò. Ṣakabùlà kò ní awò, ọta wẹ́wẹ́ ni ó ń dà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, inú ọ̀pá rẹ̀ sì ń dán láìní ìlà tí ń yí ọta po. Ọdẹ a sún mọ́ ẹran dáadáa kí ó tó yìn ín, kò sì sí ohun tí fífi ọ̀pá ti ara igi máa bàjẹ́ níbẹ̀. Ìbọn yín yàtọ̀. Ọta kan ṣoṣo ni ó ń rán lọ, sí ọ̀nà jíjìn, nítorí náà igi iwájú ni kí ẹ máa gbé lé nǹkan nígbà gbogbo. Ẹ má ṣe gbé ọ̀pá náà lé ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ àpò ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́, nítorí òun ni àwọn ènìyàn kì í náwó lé. Mo máa ń rí ẹni tí ó ra ohun olówó iyebíye fún iwájú, tí ó wá fi ìgúnpá tàbí ìkúùkù gbé ìdí ìbọn dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti orí àpò iwájú dé àpò ẹ̀yìn lábẹ́ ìbọn ọdẹ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 24. Yáàdì 100 jẹ́ ínṣì 3,600, èyí tí í ṣe ìlọ́po 150 ínṣì 24 náà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí iwájú bá dúró sójú kan tí ìdí ìbọn sì yẹ̀ ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ínṣì, ojú tí ọta yóò bà lórí bébà ti yẹ̀ ní ínṣì 1 àbọ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ínṣì kò nípọn ju bébà líle díẹ̀ lọ. Ìmí tí ẹ ń mí àti ọkàn tí ń lù kìkì lábẹ́ aṣọ lè ti ìdí ìbọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní owó fún àpò kan ṣoṣo tí ó dára gan-an, ẹ fi ra ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi àpò iyanrìn lásán tàbí àpò ẹrù tí ẹ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ó kún dáadáa, ṣe ti iwájú.

Àpò ẹ̀yìn tí ó dára ní etí méjì tí ìdí ìbọn ń jókòó sí láàárín. Kí etí náà le, kí àyè àárín wọn sì fẹ̀ tó láti gba igi ìdí ìbọn yín láìfún un pọ̀ jù. Ọwọ́ òsì, bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kò ní iṣẹ́ lábẹ́ igi iwájú mọ́ nígbà tí àpò bá ti gbé e. Ẹ mú un wá sẹ́yìn, kí ẹ fi di àpò náà mú bí ẹni tí ó fẹ́ fún ọsàn. Bí ẹ bá fún un, ìdí ìbọn á gòkè, ojú ìfojúsùn á sì wálẹ̀. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀. Báyìí ni ẹ ṣe máa mú àgbélébùú wá sórí àmì láìlo agbára èjìká. Bí ó bá jẹ́ pé iṣan ọrùn tàbí ti apá ni ẹ fi ń mú un dúró síbẹ̀, àárẹ̀ yóò mú un kúrò.

Ní ti àpò iwájú, ẹ kọ́kọ́ wo bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Àwọn tí ń fi ìbọn díje lórí tábìlì máa ń lo igi tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó sì fẹ̀ tó ínṣì 3, ọ̀pọ̀ àpò tí ẹ óò rí lọ́jà sì jẹ́ ti irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ìbọn ọdẹ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Igi iwájú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ rẹ̀ sì ṣe roboto, yóò máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ojú títẹ́jú. Èyí tí ó ní kòtò láàárín ni kí ẹ wá, tàbí èyí tí ó rọ̀ díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá kòtò sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aṣọ tí wọ́n fi rán an. Bí igi ìbọn yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò, rọ́bà máa ń lẹ̀ mọ́ awọ, kò sì ní jẹ́ kí ìbọn yọ̀ lọ sẹ́yìn bí ó ti yẹ. Aṣọ náílọ́nù tí ó dán sàn ju awọ lọ fún irú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi páúdà díẹ̀ pa ojú awọ náà.

Irin kékeré kan wà lábẹ́ igi iwájú, tí a ń so okùn ìgbébọnkọ́ mọ́. Ẹ ṣọ́ ọ. Bí ó bá sún mọ́ àpò jù, nígbà tí ìbọn bá ń rìn sẹ́yìn, yóò kọ lu àpò, yóò sì jù ọta sí ibi tí ẹ kò rán an. Ẹ jẹ́ kí àyè ínṣì 2 ó kéré tán wà láàárín irin náà àti ojú àpò, kí ẹ sì tú okùn náà kúrò pátápátá kí ẹ tó jókòó. Ibi kan náà ni kí igi iwájú ti máa jókòó lórí àpò fún gbogbo ọta. Mo máa ń fi téèpù kékeré sàmì sí ẹ̀gbẹ́ igi náà kí n lè dá a padà síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àpò ni wọ́n ń tà láìkún, ẹ̀yin ni yóò fi nǹkan sí i. Iyanrìn gbígbẹ tí wọ́n ti jọ̀ ni ó dára jù fún iwájú, nítorí ìwúwo rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí àpò sún nígbà tí ìbọn bá tì í. Àpò iwájú tí kò wúwo tó páùn 10 kò tẹ́ mi lọ́rùn fún .308. Fún àpò ẹ̀yìn tí ẹ óò máa gbé wọ igbó, wóró ike wẹ́wẹ́ fúyẹ́ ju iyanrìn lọ, ó sì ń dá padà sípò lẹ́yìn tí a bá fún un tán. Ẹ má lo ìrẹsì tàbí àgbàdo. Kòkòrò àti eku yóò bá a jẹ. Ẹ kún un dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó ṣẹ́ kù díẹ̀ tí ọwọ́ lè tẹ̀.

Gíga rẹ̀ ni ó tún kàn, ó sì kan èjìká yín tí ń dùn. Bí àpò iwájú bá kéré, ẹni tí ó jókòó ní láti tẹ̀ ba lórí tábìlì, yóò fa ojú rẹ̀ sún mọ́ awò jù, gbogbo ìtìsẹ́yìn ìbọn yóò sì wọ orí egungun èjìká kan ṣoṣo. Awò ọdẹ máa ń fẹ́ kí ojú jìnnà sí i ní ínṣì 3 sí 4. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù, etí awò lè là á lójú ìpéǹpéjú òkè. Bí àpò bá ga tó, ẹ lè jókòó ṣánṣán, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí àyà yín má fara kan tábìlì, ara yín yóò sì lè bá ìbọn rìn sẹ́yìn. Kí ẹ tó ra ohun mìíràn tí ó ga, ẹ lè to àpò iyanrìn méjì léra tàbí kí ẹ fi pákó tí ó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ sí pápá déédéé lè ra irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ìdè yíyí gbé sókè sọ̀ kalẹ̀, tí àpò kékeré wà lórí rẹ̀; ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún yín lọ́dún yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Lead Sled. Férémù onírin ni, ó gbé iwájú àti ìdí ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní pẹpẹ tí a ń di àpò òjé tàbí iyanrìn lé kí ìbọn má baà ta ènìyàn léjìká. Ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní èjìká, tàbí tí ó fẹ́ yin ọta púpọ̀ láti inú ìbọn ńlá lọ́jọ́ kan, yóò jàǹfààní rẹ̀. Ohun tí mo ní sí i ni pé agbára tí ó yẹ kí ó ti ìbọn rìn sẹ́yìn kò pòórá. Bí òjé bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn kò lè rìn, igi ìbọn àti ohun tí a fi de awò ni yóò gbà á, igi a sì máa là nígbà mìíràn, pàápàá ní ọrùn rẹ̀ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó kò gbọ́dọ̀ di ẹrù lé e títí tí ìbọn kò fi ní lè rìn rárá. Èkejì ni pé ìbọn tí a tọ́ nínú férémù wúwo lè má yin ọta síbi kan náà nígbà tí ó bá bọ́ sí èjìká ènìyàn nínú igbó, nítorí ọ̀nà tí ó ń gbà rìn sẹ́yìn ti yàtọ̀. Ẹni tí ó bá tọ́ awò nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún yìn ín láti èjìká kí ó tó gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Bipod jẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn nínú pápá koríko níbi tí ènìyàn ti lè dùbúlẹ̀. Lórí tábìlì kọnkéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ta sókè nígbà tí ìbọn bá dún, ibi tí ọta ń bà sì máa ń yàtọ̀ sí ti orí àpò. Bí ẹnìkan bá ti ní i tẹ́lẹ̀, kí ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí tówẹ́ẹ̀lì tí ó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi èjìká ti ìbọn síwájú díẹ̀, ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà. Ìwọ̀n kan náà yìí ni ó ṣòro fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì nílò àpò ẹ̀yìn bí àwa yòókù.

Dídijú tí ẹ sọ kò ní í lọ nítorí ohun tí ẹ gbé ìbọn lé nìkan. Ariwo náà wà lára ohun tí ó ń fà á. Ìró .308 lẹ́nu ọ̀pá lè kọjá 160 decibel, òrùlé pápá sì ń dá a padà sí etí. 140 ti tó láti ba etí jẹ́. Ẹ fi rọ́bà tí a fi ń dí etí sínú ihò etí, kí ẹ tún fi ìbòtí ńlá bò ó lórí, kí ẹ sì wọ awò ojú. Ẹ fi aṣọ tí ó nípọn tàbí tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ sí èjìká. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ìbọn bá ṣófo, tí ẹ sì ti wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí ọta níbẹ̀, ẹ kọjú rẹ̀ sí àmì lórí àpò méjèèjì kí ẹ fa tírígà pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ máa wo àgbélébùú. Bí ó bá fò nígbà tí tírígà já, ẹ ṣì ń fi ọwọ́ tì í, tàbí àpò kò jókòó dáadáa. Ẹ tún un ṣe títí tí kò fi ní mira mọ́ kí ẹ tó ki ọta.

Ìdánwò yìí kan náà ni kí ẹ fi yan àpò ní ilé ìtajà tàbí pápá tí wọ́n bá yá yín: ẹ gbé ìbọn lé e, ẹ mú àgbélébùú sórí àmì, ẹ ká ọwọ́ àti èjìká kúrò. Bí ojú rẹ̀ bá yẹ̀ kúrò lórí àmì, àpò náà kò bá ìbọn yín mu, ohun yòówù kí iye owó rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí èyí bá ti wà létòlétò, títọ́ awò kò le mọ́. Ẹ yọ bolt, ẹ gbé ìbọn lé àpò méjèèjì, kí ẹ gba ẹ̀yìn ọ̀pá wo àmì tí ó wà ní 25 yáàdì. Láìfọwọ́ kan ìbọn, ẹ yí bọ́tìnnì awò títí tí àgbélébùú yóò fi wà lórí ohun tí ọ̀pá ń wò. Ẹ dá bolt padà, ẹ yin ọta kan níbẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ tó lọ sí 100. Lórí ọ̀pọ̀ awò ọdẹ, ìdún kẹ́ kọ̀ọ̀kan tí bọ́tìnnì bá dún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì ní 100 yáàdì, ìyẹn ni pé kẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe ínṣì 1. Ní 25 yáàdì, kẹ́ 16 ni yóò gbà yín láti sún un ní ínṣì 1 náà. Ọta mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa yìn, kí ẹ sì wo àárín àwọn ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó yí ohunkóhun, nítorí ẹni tí ó bá ń yí bọ́tìnnì lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan yóò máa lé àṣìṣe ara rẹ̀ kiri. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tutù láàárín. Ní Texas, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù, nítorí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbóná máa ń sún ọta kúrò díẹ̀díẹ̀, ooru tí ń gòkè níwájú awò a sì mú kí àmì máa mì lójú. Pẹ̀lú ọta tí ó wọ́pọ̀, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ grain 150 (grain ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọta), bí àárín ihò bá wà ní nǹkan bí ínṣì 2 lókè àmì ní 100, yóò wọ àárín ní nǹkan bí 200. Bí ihò mẹ́ta bá wà láàárín ínṣì 1 àbọ̀ sí 2, ìbọn náà ti tó fún àgbọ̀nrín.

Níkẹyìn, ẹ má dúró di ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá tí àkókò fífi ìbọn ṣọdẹ àgbọ̀nrín máa ń ṣí ní Texas kí ẹ tó yin ìbọn náà láìsí tábìlì. Nígbà tí awò bá ti tọ́, ẹ fi ọta díẹ̀ yìn ín bí ẹ óò ṣe yìn ín nínú igbó, ní ìjókòó, pẹ̀lú ọ̀pá onígi méjì tàbí àpò ẹrù yín. Bí ó bá jẹ́ inú ahéré ọdẹ ni ẹ óò jókòó, àpò ẹ̀yìn onífúyẹ́ tí ẹ rà yẹn ni kí ẹ gbé lé ojú fèrèsé rẹ̀, lábẹ́ igi iwájú.